Idà Tí Mo Ha Dé Ìdajì

Irun Tofúnmi ni mo ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ti fi orúnkún méjèèjì há ọmọ náà mọ́lẹ̀ bí Mummy ṣe máa ń há èmi náà mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un, mo fi eyín di òòyà mú, fóònù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sister Rónkẹ́ ló pè. Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde sí gbangba torí òróró irun ti kún ọwọ́ mi. Ó ní, "Dọlá, ṣé o wà níjòókòó?" Mo ní níbo ni mo fẹ́ lọ, irun ni mò ń dì. Ó ní, "Uncle Wiryo ti kú o. Ilé àwọn arúgbó tí wọ́n wà yẹn ni wọ́n kú sí. Wọ́n tiẹ̀ ti sin wọ́n." Mo ní háà. Mo fẹ́ bi í pé ìgbà wo, ṣùgbọ́n kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ àbúrò Uncle tó ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ló pe òun. Ó ní wọ́n ti fi gbogbo idà wọn ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn nílé, àfi ẹyọ kan, keris bàbá wọn àgbà tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò yẹn. Uncle ti so ìwé pélébé kan mọ́ èèkù rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé: fún ọmọ tó fọ ọ́. "Èmi náà nìyẹn," ni Sister Rónkẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí omi wà lójú rẹ̀. "Ṣé o rí nǹkan? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Mò ń lọ gbà á lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màá gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá kó o lè rí i."

"Mummy, ó ń dùn mí!" Tofúnmi ló pariwo bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti fa irun rẹ̀ le tó yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí. Kí n má purọ́, kì í ṣe ikú Uncle ló mú ọwọ́ mi le. Owú ni. Mo ti di ìyá ọmọ, mo ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi ní Woolwich níbí, síbẹ̀ owú tó mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ló tún dìde bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú mi bí onílé. Torí pé èmi ni mo fọ keris yẹn. Kì í ṣe Sister Rónkẹ́. Lójú tèmi, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ láyé yìí. Bí mo bá fẹ́ kí nǹkan tó jẹ́ tèmi dé ọwọ́ mi, àfi kí n la ẹnu, kí n pọ ohun tí mo ti gbé mì láti kékeré. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò gbé e lọ, bí ó ṣe máa ń gbé gbogbo nǹkan lọ.

Nígbà náà, South Thamesmead là ń gbé, nínú fláàtì kan ní àjà kejì, nínú àwọn ilé kọnkéré àtijọ́ tó sún mọ́ Harrow Manorway. Ìró ilé yẹn ṣì wà létí mi. Páìpù máa ń kérora nínú ògiri bí aládùúgbò bá ṣí omi gbígbóná. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ adágún máa ń ké bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Daddy ń wa bọ́ọ̀sì, bàtà iṣẹ́ wọn wúwo, láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí ó ti rẹ̀ wọ́n. Mummy ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, bí wọ́n bá dé, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ta ló wà ńlé?" bíi pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Èmi nìkan ni. Èmi nìkan ni mo máa ń dáhùn, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Èmi ni mo ni ẹran tó tóbi tẹ̀lé ti Daddy. Èmi ni mo ni ìjókòó tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè gba irú ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn, àfi ìgbà tí wọ́n gbà á.

Ọdún yẹn ni wọ́n mú Rónkẹ́ wá láti Ṣágámù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Daddy tó ti ṣaláìsí ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Lọ́jọ́ tó dé, ó kúnlẹ̀ kí Daddy lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ kí Mummy, díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀ kí obìnrin òyìnbó ojúlé kejì. Mummy yí ojú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé ò ń wo ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé?" Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, Sister Rónkẹ́ ni kí n máa pè é. Nínú ilé wa! Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn, ó sì tì mí mọ́ ara ògiri. Ó máa ń fi kànìnkànìn onírin ha ìdí ìkòkò títí yóò fi máa dán. Mummy á gbé ìkòkò náà sókè sí iná, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo ojú yín nínú rẹ̀ o!" Bí èmi bá fọ tèmi, wọ́n á ní ó ku díẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni mí. Bí mo bá na ọwọ́ yẹn gba oúnjẹ, Mummy á rọra gbá a: "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Ní ti Rónkẹ́, àfi bíi pé ọwọ́ ọ̀tún méjì ni Ọlọ́run dá fún un.

Ata ló mú wa mọ Uncle Wiryo. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni wọ́n ń gbé. Mummy ń din ata lọ́jọ́ kan, gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí, ni ẹnì kan bá kan ìlẹ̀kùn. Mummy ti so aṣọ mọ́ ìdí, wọ́n ti múra ìjà, torí àwọn aládùúgbò kan ti máa ń ráhùn nítorí òórùn ata wa. Bàbá arúgbó kúkúrú kan ló dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n gbé abọ́ òfìfo dání. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú, àwọn ò gbóòórùn ata tó ń bínú báyìí mọ́. Mummy bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bu ata kún abọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ padà wá pẹ̀lú ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Bí wọ́n ṣe di Uncle wa nìyẹn. Ará Indonésíà ni wọ́n, láti erékùṣù Jáfà. Inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti ń se oúnjẹ kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó òyìnbó ní London tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Bí èmi àti Rónkẹ́ bá ti ilé-ìwé dé, ọ̀dọ̀ wọn la máa ń wà títí Mummy á fi dé.

Ara ògiri pálọ̀ wọn, idà àti ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ máa ń gbé irú rẹ̀ wá, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n á ní kí Uncle bá àwọn wò ó, ìlú wo ló ti wá? Uncle kì í kánjú. Wọ́n ní ojú idà ni gbogbo èèyàn máa ń sáré wò, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ṣì í mọ̀. Èèkù ni kí á kọ́kọ́ wò, níbi tí ọwọ́ ń gbé. Lẹ́yìn náà àkọ̀. Lẹ́yìn náà irin. Bí èèkù bá tẹ̀ bí ìgunpá, rencong ni, ti àwọn ará Aceh. Bí èèkù bá jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín tí irun wà lára rẹ̀, tí ọ̀bẹ kékeré kan rọ̀ mọ́ àkọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀yìn, mandau ni, ti àwọn ará Borneo. Golok ni wọ́n fi ń ṣánko. Rónkẹ́ ní àdá Ṣágámù lásán nìyí, Uncle sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n keris ni wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé. A máa ka ibi tó ti tẹ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó. Bó bá fún ọ ní mẹ́wàá tàbí méjìlá, o ti ṣì í kà, tún bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í rọ ọ́ ní iye tó ṣeé pín sí méjì. Ti bàbá wọn àgbà tẹ̀ lọ́nà mẹ́tàlá. Keris Bali máa ń jọ̀lọ̀, ó máa ń dán. Ti Jáfà máa ń dúdú, ara rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀, ìlà funfun tín-ín-rín á sì máa ṣàn kiri nínú dúdú náà bí epo lójú omi. Irin oríṣi méjì lalágbẹ̀dẹ lù pọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oògùn olóró kan ló ń mú ìlà náà yọ. Uncle ní oògùn yẹn kò sí ní London fún àwọn.

Mo fẹ́ràn Uncle ju bí ó ti yẹ lọ, mo sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé mandau kan lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, kò bá mi mu. Ẹ̀gbẹ́ kan irin rẹ̀ wú, ẹ̀gbẹ́ kejì jin, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rọ ọ́ fún. Uncle gbà á, wọ́n fa ọwọ́ òsì mi, ọwọ́ tí wọ́n ń gbá lókè, wọ́n gbé e sí i. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Wọ́n ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n ṣe èyí fún. Ó pẹ́ tó ti ń dúró dè ọ́." Mo gun àtẹ̀gùn wálé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan fi gbé keris kan wá. Ó ní Bali ni, ó ti dá a lójú. Uncle wò ó, wọ́n kàn gbé e síwájú àwa méjèèjì. Mo sáré wo ojú irin, mo ní, "Bali." Rónkẹ́ ò sáré. Ó wo èèkù, ó yí àkọ̀ padà, ó fi ìka kan ra ara irin náà. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ yẹn! Ó ní, "Jáfà ni, sir. Wọ́n kàn fi epo pa á ni, kó lè máa dán." Uncle fi aṣọ nu epo náà kúrò, ìlà funfun sì yọ sí gbangba. Ọkùnrin náà dì í padà, inú rẹ̀ kò dùn. Uncle bá gbé keris bàbá wọn àgbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ Rónkẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní irú ojú yìí ni kó gba èyí bí mo bá lọ." Mo jókòó sórí àga níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń ta bí ojú tí ata wọ̀. Ó ti gba Mummy. Ó ti gba bẹ́ẹ̀dì. Uncle ló wá kù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Uncle ní kí a tẹ̀ lé àwọn lọ ra ata ní Woolwich. Mo ní inú ń run mí. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí àga wọn, Mummy wà lókè, kí n pè wọ́n bí ó bá le. Bí ìlẹ̀kùn ṣe tì mọ́ Uncle àti Rónkẹ́ lẹ́yìn, mo dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ṣòro láti ṣàlàyé fún àgbàlagbà. Mi ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Lójú ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé nǹkan tó mọ́ ló ń dán, keris yẹn dà bí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ. Mo ní bí Uncle bá dé tí wọ́n bá iṣẹ́ ọwọ́ mi, èmi ni wọn yóò gbé e fún. Mo rọra gòkè lọ mú kànìnkànìn onírin Rónkẹ́. Nídìí síńkì Uncle, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di èèkù mú, mo fi òsì ha á láti ṣóńṣó wá. Ìtẹ̀ kan, ìtẹ̀ méjì. Ó ń dán lóòótọ́! Irin kànìnkànìn ń gé mi níka, mi ò bìkítà, orin ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo dé ìtẹ̀ keje ni mo rí i pé ìlà funfun yẹn ti lọ. Omi dúdú ń lọ nínú síńkì, gbogbo ẹwà idà náà sì wà nínú omi yẹn. Mo nu ún, mo tì í bọ àkọ̀, mo gbé e kọ́ padà.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi jẹ ẹ̀bà, torí ata ń ta gbogbo ìka òsì mi. Mummy pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo Dọlá mi! Ó ti ń gbọ́n." Rónkẹ́ ò pàtẹ́wọ́. Ó kàn wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, Uncle gòkè wá, keris náà wà lọ́wọ́ wọn ní yíyọ, ìdajì dúdú, ìdajì ń kọ mànà. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ta ló fọ ọ́?" Rónkẹ́ ti wà lórí eékún rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ṣágámù nìyẹn: bí àgbà bá ń bínú, ilẹ̀ ni orúnkún rẹ kọ́kọ́ ń lọ, kí àlàyé tó dé. Mummy rí ọmọ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n rántí ìkòkò, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Rónkẹ́! Kànìnkànìn rẹ yìí! Ṣé ìkòkò ni wọ́n pè é fún ọ ni?" Rónkẹ́ ò sọ pé òun kọ́. Mo dúró tì í, mo ń gbọ́ ìró páìpù nínú ògiri. Uncle gbé idà náà lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ó pẹ́. Wọ́n wá wo ọwọ́ mi. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó tó," wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Mummy gbé ẹja díndín lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà á, abọ́ sì padà wá, ṣùgbọ́n Mummy ní a ò gbọ́dọ̀ jókòó sílé wọn mọ́. Láti ìgbà náà, inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé la ń dúró sí. Nígbà tí a dàgbà, Rónkẹ́ tó di nọ́ọ̀sì ló ń lọ kí Uncle nílé àwọn arúgbó. Èmi ò lọ rí. Bó bá sọ fún mi pé òun lọ, mo máa ń jowú ìyẹn náà.

Ó wá lọ́jọ́ Sunday bó ṣe wí, ó fi ìró wé ẹrù gígùn kan. "Inú búùtù mọ́tò ni mo tì í sí," ó ní. "Ta ló fẹ́ gbé irú èyí wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó gbé mi jù sẹ́wọ̀n?" Tofúnmi sáré kúnlẹ̀ kí i, ọmọ tí mo máa ń bẹ̀ kó tó kí mi káàárọ̀. Kò tíì jókòó tí ó ti mú mi jowú lẹ́ẹ̀kan. Ó tú ìró náà sórí tábìlì. Idà náà kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń ra èèkù, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ni ọ̀rọ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi. Kì í ṣe ìwà rere ló tì í jáde o. Mi ò kàn lè wò ó kó gbé e lọ ni.

"Kì í ṣe tìẹ, Sister mi. Èmi ni mo fọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ!" Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy ń pàtẹ́wọ́, èmi ń wo ìka rẹ."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ, tó fi gba ìbáwí tó jẹ́ tèmi. Ó ń ká etí ìró náà.

"Ilé ta ni mo wà, Dọlá? Kí n ní ọmọ onílé ni, kí wọ́n ní mo purọ́ mọ́ ọ, kí wọ́n dá mi padà? Sí ọ̀dọ̀ ta ni?" Ó gbójú sókè. "O rò pé ìwọ nìkan lò ń jowú. Mummy máa ń gbá ọ lọ́wọ́, mo sì ń jowú ìyẹn. Wọn ò gbá mi rí, ọjọ́ kan ṣoṣo. Àlejò ni wọ́n ń yìn."

Mo ní, "Kí ló wá dé tó o fi sọ lórí fóònù pé tìẹ ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o máa jẹ́ kí n gbé e lọ."

Mo fa keris náà mọ́ra. Mo wo èèkù, mo wo àkọ̀, lẹ́yìn náà ni mo wo irin, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ipa kànìnkànìn ṣì wà lára ibi tó ń dán, ìlà wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ dorí kọ ibì kan náà. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di èèkù mú, mo gbé òsì lé e. Ọwọ́ mi bá ipa yẹn lọ láìṣẹ́, bí mandau ọjọ́un. Mo wá rí Uncle lójú fèrèsé, tí wọ́n ń yí i síbí, tí wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún. Ẹni tó fi èmi nìkan sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà, tó lè wo irin kó sọ ìlú tó ti wá, ṣé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni kò ní mọ̀? Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n sì fi gbogbo ọdún yẹn dúró dè mí kí n wá. Rónkẹ́ ló ń lọ.

Mo ní kó gbé e lọ, òun ló ní ojú. Ó ní ṣé n kò lè kàwé ni, ìwé pélébé náà kò sọ ojú. Ó jẹ ìrẹsì, ó bu ti ọkọ rẹ̀ dání, ó fi idà náà sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì, ó lọ. Owú náà kò bá a lọ, kí n sọ òótọ́. Ó ṣì wà níbí, ṣùgbọ́n ó ti jókòó, kò rìn káàkiri mọ́.

Tofúnmi ló kù. Ó tẹ orí sórí tábìlì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé idà náà láìfọwọ́ kàn án. "Mummy, ibí yìí mọ́, ibí yìí ò mọ́. Ta ló fọ ọ́?"

Mo ní, "Èmi ni. Mò ń jowú Auntie Rónkẹ́, mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo bà á jẹ́, mo sì dúró, mò ń wò ó tó kúnlẹ̀ fún un."

Ó ronú. "Ṣé wọ́n wá bá ẹ wí?"

"Rárá."

Ó ronú sí i, ó sì sáré wọ kíṣìnì, ó gbé kànìnkànìn onírin jáde, inú rẹ̀ ń dùn. "Ká wá fọ èyí tó kù, kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà, wọn ò ní mọ̀ mọ́!"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè mọ̀ pé èmi ni."